Bí A Ṣe Ń Yan Máòsì Kan Tí Yóò Sin Iṣẹ́ Ojoojúmọ́ àti Géèmù

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ra máòsì méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọdún kan tí kò sì sí èyí tó tẹ́ wa lọ́rùn nínú wọn. A dé ìsọ̀ òǹtajà, a wo iná aláwọ̀ mèremère tó ń tàn lára rẹ̀, a ka nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára páálí, a dúnàá dúrà, a sanwó, a sì gbé e lọ sílé. Nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta, ọrùn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wá, tàbí kí a rí i pé ibi tí a fẹ́ yìnbọn sí nínú géèmù kọ́ ni atọ́ka ojú kọ̀ǹpútà ń lọ. Gbogbo nǹkan la yẹ̀ wò lọ́jà àfi ọwọ́ tí yóò di máòsì náà mú láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ra máòsì kan ṣoṣo, èyí tí yóò fi kọ lẹ́tà, tí yóò fi ṣe ìṣirò, tí yóò sì tún fi gbá géèmù nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ọjà Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rajà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ìbàdàn, ní Kútọnu tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè tẹ̀ lé e láìyí ohunkóhun padà.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá rúlà tàbí tépù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, bébà kan, sísọ́ọ̀sì àti gègé. Ẹ gbé máòsì tí ẹ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ sún mọ́ tòsí, bí ó tilẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ, nítorí òun ni yóò fi ohun tí ọwọ́ yín ń bá yí hàn wá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sí ọjà, ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká yín dání pẹ̀lú bátìrì tó kún, kí ẹ sì ká pádì máòsì aláṣọ kékeré kan sínú àpò, torí orí gíláàsì ni ọ̀pọ̀ òǹtajà máa ń to ọjà sí, ojú máòsì lásán (ohun tó fi ń ríran lábẹ́ ikùn rẹ̀) kì í sì í ríran dáadáa lórí gíláàsì. Bí ẹ bá ní aláìníwáyà lọ́kàn, ẹ mú bátìrì AA kan tó ṣì lágbára mọ́ ọn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ iye owó tó ga jù tí ẹ lè san sórí bébà náà, kí ohùn òǹtajà má baà yí i padà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ọwọ́ yín

Ẹ tẹ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń di máòsì sórí tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí àwọn ìka sì pa pọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilà tó wà níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti pàdé ọrùn ọwọ́ títí dé ṣóńṣó ìka àárín. Gígùn ọwọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbi oríkèé ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìka àtàńpàkò mọ́ ọn. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà.

Ọwọ́ tí gígùn rẹ̀ kò bá tó 17 cm ni a ń pè ní ọwọ́ kékeré. Láti 17 dé nǹkan bí 19.5 cm jẹ́ ọwọ́ àárín. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ńlá. Àwọn tó ń gbá géèmù ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni pé kí gígùn máòsì sún mọ́ ìdá 60 nínú 100 gígùn ọwọ́, kí ìbú rẹ̀ sì ṣe bákan náà sí ìbú ọwọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn tó 19 cm yóò wá máòsì tí gígùn rẹ̀ wà ní àyíká 11.4 cm. Ìṣirò yìí kì í ṣe òfin, bí a ṣe ń di máòsì mú lè yẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ìdajì ọjà tó wà nílẹ̀ kúrò lójú ẹni kíákíá.

Mo rí ohun tí máòsì tó tóbi jù ń ṣe lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin. Ọwọ́ rẹ̀ kò gùn ju 16 cm lọ, máòsì tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin sì fún un fẹ̀ ju 8 cm lọ. Nígbà tí mo jókòó tì í, mo rí i pé ọmọńdinrín rẹ̀ kò ríbi gúnlẹ̀ sí; orí tábìlì ló ń wọ́ lọ tó ń wọ́ bọ̀, awọ ẹ̀gbẹ́ ìka náà sì ti le bí awọ gìgísẹ̀. Àtàńpàkò rẹ̀ ń nà tantan kó tó kan bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́. Ó ti gbà pé òun ni òun kò mọ máòsì lò. A fi èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 6.2 cm rọ́pò rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ ọwọ́ ríro sí mi létí mọ́.

Àyẹ̀wò: Ẹ wá gígùn àti ìbú máòsì tí ẹ ń fojú sí lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ gé bébà ní ìwọ̀n náà gẹ́lẹ́, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó di máòsì mú. Bí àtàńpàkò àti ọmọńdinrín bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bébà láìnà, tí ṣóńṣó ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín sì dé etí rẹ̀ níwájú, ìwọ̀n náà bá yín mu.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ bí ẹ ṣe ń di máòsì mú

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àwọn kan máa ń gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn máòsì, ìka wọn á sì tẹ́ gbalaja lórí bọ́tìnì. Palm ni wọ́n ń pe èyí nínú ọjà. Àwọn mìíràn máa ń fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ nìkan kan ẹ̀yìn rẹ̀, tí ìka wọn á ká kò bí èékánná àṣá; claw nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó jẹ́ pé ṣóńṣó ìka nìkan ló ń kan máòsì, àtẹ́lẹwọ́ wọn kò kàn án rárá. Fingertip ni wọ́n ń pè é.

Ibi tí ènìyàn ti máa ń ṣìnà ni pé bí ó bá wo ọwọ́ ara rẹ̀ báyìí, ọwọ́ náà á yí ìjókòó padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe wo ọwọ́ yín. Ẹ gbá géèmù tàbí kí ẹ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan nínú ilé ya ọwọ́ yín ní fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ láìsọ fún yín. Fọ́tò yẹn ni òótọ́.

Ẹni tó ń gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e nílò máòsì tó gùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga kí ọwọ́ lè rí ibi sinmi. Razer DeathAdder V3 Pro, tó gùn tó 12.8 cm tó sì ga tó 4.4 cm, jẹ́ àpẹẹrẹ èyí fún ọwọ́ ńlá. Ẹni tí ìka rẹ̀ ń ká kò yóò gbádùn èyí tí ó mọ níwọ̀n, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ díẹ̀ kí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lè rí nǹkan fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ń fi ṣóńṣó ìka lò ó kò nílò ju èyí tó kúrú, tó pẹlẹbẹ, tó sì fúyẹ́ lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ fara balẹ̀ níbí. Máòsì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ òsì lè lò ó tán. Logitech G102, fún àpẹẹrẹ, dọ́gba ní ìrísí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni bọ́tìnì rẹ̀ méjèèjì wà, níbi tí àtàńpàkò yín kò lè dé. Logitech G Pro Wireless tó jáde ní 2018 ní ti tirẹ̀ gbà kí a fi bọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ tí a bá fẹ́. Ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pinnu iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé fún un

Ìwúwo ló ṣe pàtàkì jù níbí. Nínú géèmù ìbọn bíi Counter-Strike 2 tàbí Valorant, a máa ń gbé máòsì kúrò nílẹ̀ léraléra kí a tún un gbé kalẹ̀, ọwọ́ tó ń gbé 120 gíráàmù sókè ní ìgbà àìmọye láàárín wákàtí kan yóò sì jẹ́wọ́ kó tó di alẹ́. Nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì, a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e sókè, nítorí náà èyí tó wúwo kì í dààmú ẹni, àwọn mìíràn tilẹ̀ fẹ́ràn bó ṣe ń dúró gírígírí lábẹ́ ọwọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ tó: Logitech MX Master 3S, tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́, wọn 141 gíráàmù, G502 Hero wọn 121, G102 wọn 85, Pro X Superlight kò sì tó 64.

Ẹni tó fẹ́ kan fún méjèèjì, kí ó dúró sáàárín 60 sí 100 gíráàmù, pẹ̀lú bọ́tìnì méjì ní ẹ̀gbẹ́ àti wíìlì tí a lè gbọ́ bó ṣe ń yí lábẹ́ ìka. Bọ́tìnì méjì ẹ̀gbẹ́ yìí wúlò ju bí ènìyàn ṣe rò lọ: nínú géèmù, wọ́n á di bọ́tìnì ọ̀bẹ àti bọ́ǹbù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa gbé ẹni padà sí ojú ewé tó ti kọjá. Máòsì tó ní bọ́tìnì 12 ní ẹ̀gbẹ́, irú Razer Naga, wà fún géèmù bíi World of Warcraft, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti pọ̀ bí omi. Bí ẹ kò bá gbá irú rẹ̀, bọ́tìnì tí àtàńpàkò yóò máa ṣèèṣì tẹ̀ lẹ ń fi owó rà.

Mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́ lẹ́nu mi: bí ó bá jẹ́ géèmù bọ́ọ̀lù nìkan ni ẹ ń gbá, pádì olówọ́ méjì ni ẹ fi ń gbá a, máòsì kò sì ní mú yín jáwé olúborí. Ẹ ra èyí tó bá iṣẹ́ yín mu, kí ẹ fi owó tó kù ra pádì olówọ́ méjì gidi. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó sì ń gbá géèmù ìbọn, G102 ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ gbé lọ́wọ́ wò.

Àyẹ̀wò: Ẹ kọ gbólóhùn kan sórí bébà yín, pé lójoojúmọ́ ẹ ń fi máòsì ṣe iṣẹ́ báyìí fún wákàtí mélòó, ẹ sì ń gbá géèmù báyìí fún wákàtí mélòó. Bí gbólóhùn náà kò bá ṣeé parí, ẹ má tíì lọ sí ọjà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan oníwáyà tàbí aláìníwáyà

Oníwáyà kì í jẹ́ ká ronú bátìrì, owó rẹ̀ sì máa ń kéré. Ohun tó ń ba adùn rẹ̀ jẹ́ ni wáyà líle tó ń fa máòsì sẹ́yìn, pàápàá bí ó bá rọ̀ sísàlẹ̀ láti etí tábìlì. Ẹ fọwọ́ ká wáyà náà kí ẹ tó rà á: bí ó bá rọ̀ bí okùn bàtà, ó dára, bí ó bá ń ta padà gbọnrangandan, ẹ fi í sílẹ̀.

Aláìníwáyà pín sí oríṣi méjì, àdàpọ̀ wọn sì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Èyí tó ń lo Bluetooth dára fún iṣẹ́, ó sì rọrùn fún ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà méjì, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ́ra fún géèmù ìbọn. Èyí tó ń lo ike kékeré tí a ń fi sí ihò USB, tí gbogbo òǹtajà mọ̀ sí dongle, ló lè yára bí oníwáyà. Mo ní ó lè yára, nítorí kì í ṣe gbogbo dongle ló rí bẹ́ẹ̀: ti máòsì ọ́fíìsì olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní ìgbà 125 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti géèmù ń ṣe é ní ìgbà 1,000.

Ẹ tún ro ti iná ọba. Máòsì tí bátìrì rẹ̀ wà nínú yóò nílò iná láti inú kọ̀ǹpútà tàbí pawabáǹkì. MX Master 3S lè ṣiṣẹ́ fún 70 ọjọ́ bí iná rẹ̀ bá kún, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ náà ṣe wí. Logitech G305 ń lo bátìrì AA kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ náà sì ní yóò gbé e fún wákàtí 250. Ẹni tó ń lò ó fún wákàtí 4 lóòjọ́ yóò rìn tó oṣù méjì lórí bátìrì kan, yóò sì rí òmíràn rà ní ìsọ̀ ìyá tó ń ta súgà ní òpin àdúgbò. Ní ibi tí iná ti ń ṣẹ́jú, AA ni mo yàn. Ẹ ṣàkíyèsí pé bátìrì náà ní ìwúwo tirẹ̀: 99 gíráàmù tí a ń kà fún G305 ti ka bátìrì mọ́ ọn.

Ẹ wo ibi tí ihò iná wà pẹ̀lú. Magic Mouse ti Apple ní ihò rẹ̀ lábẹ́ ikùn, a kò sì lè lò ó nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ aláìníwáyà. Ẹ ṣí ìdérí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí dongle rẹ̀. Òǹtajà lè ní kí ẹ máa gbé e lọ, pé dongle kò ṣòro rí, ṣùgbọ́n dongle máòsì mìíràn kì í sábà dá a mọ̀, ẹ ó kàn gbé òkúta délé ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka nọ́ńbà ara páálí pẹ̀lú òye

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí. DPI ni nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà: 8,000, 16,000, 26,000. Ohun tó túmọ̀ sí ni iye ìṣísẹ̀ tí ojú máòsì lè kà bí ẹ bá sún un ní ínǹṣì kan. Bí a bá tò kọ̀ǹpútà dáadáa, ìṣísẹ̀ kan ń gbé atọ́ka ní àmì kan (pixel) lójú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ní àmì 1,920 láti òsì dé ọ̀tún. Ní 800 DPI, ẹ ó sún máòsì ní nǹkan bí 6 cm kí atọ́ka tó la ojú kọ̀ǹpútà já. Ní 1,600, ó di 3 cm. Ní 16,000, mìlímítà 3 péré ti tó, ìyẹn ni pé bí ẹ bá sín, atọ́ka á ti dé òdìkejì. Ta ló fẹ́ lò ó bẹ́ẹ̀? Láàárín 400 sí 1,600 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ géèmù ìbọn gbá máa ń fi tiwọn sí. Nítorí náà, ẹ má fi kọ́bọ̀ kan kún owó nítorí DPI tó ga.

Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni orúkọ ojú máòsì náà, nítorí òun ló ń sọ bóyá máòsì yóò kà ìṣísẹ̀ yín déédéé nígbà tí ẹ bá fà á pẹ̀lú agbára. PixArt 3360, 3389 àti 3395, pẹ̀lú HERO ti Logitech, jẹ́ ojú tó ṣeé gbára lé. Bí páálí bá kọ 12,000 DPI gàdàgbà ṣùgbọ́n tí kò dárúkọ ojú kankan, tí kò sì sí ní ìkànnì ilé iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

Nọ́ńbà kejì ni Hz, iye ìgbà tí máòsì ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 125, ìdá 8 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ló wà láàárín ìròyìn kan sí èkejì. Ní 1,000, ó di ìdá kan. Ìyàtọ̀ yìí ṣeé mọ̀ lára nínú géèmù. Àwọn kan ti dé 8,000 báyìí, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè fi èrè rẹ̀ hàn yín, ó sì ń kó iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà tí kò lágbára. 1,000 tó.

Ẹ̀kẹta ni iye ìgbà tí bọ́tìnì lè gba títẹ̀, bíi mílíọ̀nù 20 tàbí 50. Ẹ kà á, kí ẹ sì máa lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni irú bọ́tìnì náà. Bọ́tìnì onírin máa ń gbó, tí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan á wá di ẹ̀ẹ̀mejì; èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ kò ní irin tó ń kan irin, nítorí náà àìsàn yẹn kì í sábà bá a jà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dán an wò ní ìsọ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Mo ti jìyà èyí rí. Mo ra máòsì kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé nígbà tí àwọn òǹtajà ń palẹ̀ mọ́, mi ò dán an wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí mo bá tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀kan láti yàn án, ńṣe ló ń ṣí. Bí mo bá ń wọ́ fáìlì láti inú àpò kan sí òmíràn, ó ń já bọ́ lójú ọ̀nà, mo sì pàdánù ìwé ìṣirò oníbàárà kan sínú àpò tí n kò mọ̀. Nígbà tí mo padà dé ọjà, kò sí rìsíìtì lọ́wọ́ mi, ẹni tó tà á fún mi kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí òǹtajà bá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ojúlówó ni, ẹ má mikàn,” ẹ fi pẹ̀lẹ́tù dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi ná. Bí ó bá dúró dáadáa, mo ti rà á nìyẹn.” Òǹtajà tó dá ọjà rẹ̀ lójú kì í bínú sí èyí. Ẹ tẹ́ pádì yín, kí ẹ sì ṣe ìdánwò márùn-ún yìí ní ẹsẹ-ẹsẹ:

1. Ẹ mì í sí etí. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ro kẹrẹkẹrẹ nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí wíìlì àti bátìrì, ẹ gbé òmíràn.
2. Ẹ ṣí Paint, ohun ìyàwòrán inú Windows, kí ẹ fa ìlà gígùn díẹ̀díẹ̀ láti igun kan dé igun kejì láìgbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì. Bí ìlà bá já lọ́nà, bọ́tìnì ń ṣàìsàn. Bí ó bá ń fò, ojú ni.
3. Ẹ tẹ bọ́tìnì òsì àti ọ̀tún ní ìgbà 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí fáìlì kan, kí ẹ máa dúró díẹ̀ láàárín wọn. Fáìlì kò gbọdọ̀ ṣí rárá.
4. Ẹ ṣí ìwé tó gùn, kí ẹ yí wíìlì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ojú ìwé bá ń ta padà sókè lójijì, ẹ má rà á.
5. Ẹ gbé máòsì sókè díẹ̀ ní ìwọ̀n káàdì ATM mẹ́ta tó wà lórí ara wọn, kí ẹ sì jù ú síwá-sẹ́yìn. Atọ́ka kò yẹ kó máa rìn mọ́. Bí ó bá ṣì ń rìn, yóò máa sọ yín nù nínú géèmù nígbàkígbà tí ẹ bá gbé e.

Ayédèrú ni ìṣòro tó kù. Iná, páálí àti orúkọ kò fi ojúlówó hàn mọ́, nítorí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí ayédèrú kì í sábà lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí sọ́fútíwíà ilé iṣẹ́ náà dá a mọ̀. Ẹ ti gba G HUB ti Logitech tàbí Synapse ti Razer láti ìkànnì wọn sórí kọ̀ǹpútà nílé, kí ẹ ṣí i ní ìsọ̀. Ojúlówó tí sọ́fútíwíà náà wà fún yóò fara hàn pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ tí kò sì sí ohun tó yọjú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹtajà, kí ẹ máa lọ.

Àyẹ̀wò: Ẹ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìgba rìsíìtì tí ọjọ́, orúkọ ìsọ̀, nọ́ńbà ìsọ̀ àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà wà lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tò ó nílé

Máòsì tó dára jù lọ yóò dà bí èyí tó burú bí Windows bá ń yí ìṣísẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ main.cpl, kí ẹ tẹ Enter. Ní abẹ́ Pointer Options, ẹ mú àmì kúrò níbi tí wọ́n kọ Enhance pointer precision sí, kí ẹ sì gbé ohun tó ń darí eré atọ́ka sí ìlà kẹfà nínú mọ́kànlá, èyí tó wà ní àárín gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ yan DPI: 800 fún ẹni tó ń gbá géèmù ìbọn púpọ̀, 1,600 fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju géèmù lọ. Bí eré rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn nínú géèmù, inú géèmù náà ni kí ẹ ti yí i, níbi tí wọ́n kọ Sensitivity sí, kí ẹ má fọwọ́ kan Windows mọ́.

Láti mọ ibi tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọjú sí ògiri kan nínú géèmù, ẹ fi tépù sàmì sórí pádì, kí ẹ sì wọ́ máòsì títí ẹ ó fi yí po tí ẹ ó tún kọjú sí ògiri náà. Ẹ wọn ibi tó gùn dé. Ní Counter-Strike 2, 800 DPI pẹ̀lú Sensitivity 1 yóò fún yín ní nǹkan bí 52 cm. Sensitivity 2 yóò sọ ọ́ di 26. Láàárín ìwọ̀n méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí ìtura, ẹni tí pádì rẹ̀ kéré á sún mọ́ 26. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ má yí i fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ọwọ́ kì í kọ́ ohun tó ń yí padà lójoojúmọ́.

Fún dongle, ẹ má fi sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ tábìlì. Ihò USB 3, tí inú rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, máa ń rú ariwo sí ìgbì 2.4 GHz tí dongle ń lò nígbà tí a bá fi ohun ìkófáìlìsí sí i. Ẹ fi wáyà ìfàgùn USB gbé dongle wá sórí tábìlì, ní nǹkan bí 20 cm sí máòsì.

Àyẹ̀wò: Ẹ gbé ìwé ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì pádì, kí ẹ ti máòsì mọ́ ọn, kí ẹ sì rántí ibi tí atọ́ka wà. Ẹ fà á sí ọ̀tún pẹ̀lú eré, láìjẹ́ kí atọ́ka kan etí ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì dá a padà sí ara ìwé náà díẹ̀díẹ̀. Bí atọ́ka bá padà sí ibi tó ti kúrò gẹ́lẹ́, ó ti tò. Bí ó bá kọjá tàbí tí kò dé ibẹ̀, ẹ padà sí main.cpl.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ má ju páálí nù, ẹ má sì bó ohunkóhun kúrò lára máòsì títí iye ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì yóò fi pé. Ẹ gbé àga yín sí ibi tí ìgúnpá yóò ti ká bí lẹ́tà L, tí iwájú ọwọ́ yóò sì sinmi lórí tábìlì, nítorí máòsì tó bá ọwọ́ mu pàápàá kò lè gba ọrùn ọwọ́ tó rọ̀ sí etí tábìlì lọ́wọ́ ìrora. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ wo àwọn ibi mẹ́ta yìí: ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, ìsàlẹ̀ àtàńpàkò àti ilà ọrùn ọwọ́. Kí àtàńpàkò rẹni díẹ̀ nítorí ìrísí tuntun jẹ́ ohun tó máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ìka bá ń kú tipiri, tàbí tí ìrora bá ń ga sí i lójoojúmọ́, ẹ fi bébà tí ẹ kọ ìwọ̀n ọwọ́ yín sí pẹ̀lú rìsíìtì sínú páálí náà, kí ẹ sì gbé e padà sí ìsọ̀ nígbà tí ọjọ́ ṣì kù.